Ajá Àgbàtọ́: Bí A Ṣe Ń Gba Ajá Tí Kò Ní Alájá Mọ́ Wá Sílé ní Èkìtì

Ọjọ́ tí mo mú Tání dé Adó láti Èkó, ẹnu géètì ni mo ti tú okùn lọ́rùn rẹ̀. Mo ní ó ti wà nínú mọ́tò láti àárọ̀, kó na ẹsẹ̀ díẹ̀. Ó nà á lóòótọ́. Ó na ẹsẹ̀ kọjá lára mi, ó na ẹsẹ̀ fo gọ́tà, ó sì na ẹsẹ̀ gun àpáta tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Bàsírì. Ọjọ́ kẹta la tó rí i mú padà. Ìdajì ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín níbí, inú ọjọ́ mẹ́ta yẹn ni mo ti kọ́ ọ. Ìdajì yòókù, dókítà ẹranko àti Tání fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi.

Ajá àgbàtọ́ ni mo ń pe irú ajá bẹ́ẹ̀, bí a ṣe ń pe ọmọ tí a gbà tọ́. Kì í ṣe ọmọ ajá tí ẹ rà nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Ó ti ní ìtàn kó tó mọ̀ yín: wọ́n lè ti lé e jáde, mọ́tò lè ti gbá a, wọ́n lè ti gbà á lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ fi í se ọbẹ̀. Ìtàn yẹn ń bá a bọ̀ wá sílé yín, kò sì ní ẹnu tí yóò fi sọ ọ́ fún yín.

1. Ẹ kọ́kọ́ bá ará ilé àti aládùúgbò sọ̀rọ̀

Nílẹ̀ Èkìtì, iṣẹ́ mẹ́ta làwọn àgbà mọ̀ mọ́ ajá: kó bá ọdẹ rìn, kó ṣọ́ ilé, tàbí kó bá Ògún lọ. Ìrè-Èkìtì tí wọ́n ní Ògún ti wọlẹ̀ kò kúkú jìnnà sí wa. Nígbà tí Tání dé, bàbá kan tó ń gbé òdìkejì ilé wa wò ó tìtì, ó ní, "Ìyá Dáre, ṣé t'Ògún ni?" Mo ní rárá, sà. "Ṣé t'ọdẹ ni?" Mo ní rárá, sà. "Kí lo wá gbé e wá ṣe?" Bí mo bá ní mo kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ náà ò ní tán nílẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mo ní á máa ṣọ́ ilé. Bàbá náà mi orí, ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń bá mi ṣọ́ ajá tó ń ṣọ́ ilé.

Ẹ wá irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, torí aládùúgbò tó mọ ajá yín ni yóò pè yín lórí fóònù lọ́jọ́ tó bá já. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á rò pé ajá ìgboro ni, àwọn tó ń jẹ ẹran ajá ò sì ṣọ̀wọ́n láàárín wa. Bí ẹ bá háyà ilé gbé, ẹ bá onílé sọ ọ́ kí ajá tó dé, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó fi àtẹ̀jíṣẹ́ dá yín lóhùn, kó má baà di pé "èmi ò sọ bẹ́ẹ̀" lọ́la. Bí Mùsùlùmí bá wà nínú ọgbà yín, ẹ ṣètò tí itọ́ ajá ò fi ní kan omi àlùwàlá wọn àti ẹní tí wọ́n fi ń kírun. Ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá ṣàròyé.

Ẹ tún ka ọdún. Ajá tí wọ́n tọ́jú dáadáa lè lo ọdún 10 sí 13, àwọn mìíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ yín tó wà ní JSS1 báyìí lè ti jáde yunifásítì kí ajá náà tó kú. Ta ni yóò máa fún un lóúnjẹ tí ẹ bá lọ sí òde ìsìnkú ní Ìkọ̀lé fún ọjọ́ mẹ́rin? Bí kò bá sí ẹni tí ẹ lè dárúkọ, ẹ má tíì gbà á ná.

Ilé tí kò ní ọgbà pọ̀ ní Èkìtì. Àgbàlá wa ṣí sí ti ẹlòmíràn, ewúrẹ́ ń wọlé, adìẹ ń jáde. Bí ẹ ò bá ní ọgbà, ẹ fi páànù tàbí wáyà pààlà igun kan lẹ́yìn ilé fún un, kó ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, kẹ́ ẹ sì ri ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́ ilẹ̀, torí ajá máa ń walẹ̀. Èyí tí mi ò fara mọ́ ni kí a fi ṣéènì so ajá mọ́ ìdí igi láti òwúrọ̀ dalẹ́, ká wá tú u lóru kó lè bínú sí olè. Ajá tí wọ́n so bẹ́ẹ̀ kì í mọ olè yàtọ̀ sí ọmọ tó ń ti iléèwé bọ̀.

2. Àgbà ajá ni kẹ́ ẹ gbà

Gbogbo ènìyàn ló ń fẹ́ ọmọ ajá. Èmi ò bá wọn dù ú. Ajá tó ti pé ọdún méjì, bó ṣe máa tóbi tó ti hàn, bí ìwà rẹ̀ ṣe rí ti hàn, ó sì ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àrùn tó ń pa ọmọ ajá. Àrùn pávò nìkan lè pa ọmọ ajá mẹ́rin nínú ilé kan láàárín ọ̀sẹ̀ kan: èébì, ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó ń rùn bí ohun tó ti jẹrà, ó tán. Kòkòrò àrùn náà lè wà nínú ilẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Bí ajá bá ti kú báyìí rí nínú àgbàlá yín lọ́dún yìí, ẹ má gbé ọmọ ajá tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ tán wá síbẹ̀. Ọṣẹ lásán kì í pa kòkòrò yẹn. Omi bílíìṣì ló ń pa á, lórí sìmẹ́ńtì. Inú iyẹ̀pẹ̀ ló ti ṣòro.

3. Ibi tí ẹ ti máa rí i

Ilé ìtọ́jú ajá tí kò nílé, Èkó ló pọ̀ sí. St. Mark's Animal Rescue Foundation jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ní Èkìtì níbí, dókítà ẹranko ni ọ̀nà tó yá jù. Òun ló mọ ajá tí wọ́n gbé wá gba ìtọ́jú tí wọn ò padà wá mú, òun náà ló sì mọ ìdílé tó fẹ́ jápa lóṣù tó ń bọ̀ tí wọn ò lè gbé ajá wọn dání. Ẹ lọ bá a, ẹ fi nọ́ńbà yín sílẹ̀, ẹ sọ irú ajá tí ẹ lè tọ́.

Ilé ìtọ́jú tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á yẹ̀ yín wò bí ẹni pé ẹ wá tọrọ ìyàwó. Wọ́n á fún yín ní fọ́ọ̀mù. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ fi fóònù ya fídíò ilé yín, kí àwọn rí géètì àti ibi tí ajá máa sùn. Wọ́n á bi yín léèrè ẹni tó ni ilé, ajá tí ẹ ti sìn rí àti bó ṣe kú. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ fọwọ́ sí ìwé pé bí ẹ ò bá lè tọ́jú rẹ̀ mọ́, ọ̀dọ̀ àwọn lẹ máa dá a padà sí, ẹ ò ní tà á, ẹ ò ní fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ. Inú bí mi nígbà tí wọ́n bi mí bóyá a máa ń jẹ ajá nílé wa. Lẹ́yìn náà ni mo rò ó pé ẹni tó bá ti gba ajá lọ́wọ́ ọ̀bẹ, ó yẹ kó béèrè.

Wọ́n lè gba owó díẹ̀ fún abẹ́rẹ́ àti ìtọ́jú tí wọ́n ti ṣe. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ sanwó kẹ́ ẹ tó rí ajá, tí kò fẹ́ gbé fóònù sí fídíò, tí kò sì ní káàdì abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, ẹ fi í sílẹ̀.

4. Ẹ fi ojú ara yín wò ó

Ẹ bi wọ́n: ibo lẹ ti rí i? Ó ti pẹ́ tó lọ́dọ̀ yín? Ṣé ó ti bu ènìyàn jẹ rí, kí ló sì ṣẹlẹ̀ kó tó bù ú jẹ? Kí ló ń bà á lẹ́rù? Báwo ló ṣe ń ṣe sí ọmọdé, sí ajá mìíràn, sí ewúrẹ́, sí adìẹ?

Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni ará Èkó máa ń gbàgbé, torí ajá tó ń gbé inú ọgbà l'Ékòó lè má fojú kan ewúrẹ́ rí. Níbí, ewúrẹ́ ló ni títì. Ajá tó bá pa adìẹ mẹ́ta ti Ìyá Ọ̀ṣun, ẹ máa san án, ọ̀rọ̀ náà sì lè dé ààfin. Ẹ ní kí wọ́n mú un rìn kọjá níbi tí ẹran wà. Ajá tó wò, tó gbóòórùn, tó sì yíjú sí ẹni tó mú un, ó ṣeé kọ́. Èyí tí ara rẹ̀ le gan-an, tí ojú rẹ̀ kò kúrò lára adìẹ, tí kò tilẹ̀ gbọ́ nígbà tí wọ́n pè é, ẹ má tan ara yín jẹ: ilé tó ní ọgbà gidi ló yẹ ẹ́.

Ẹ ní kí ẹni tó mọ̀ ọ́n gbé ètè rẹ̀ sókè. Èrìgì tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú ló dáa. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ títí á fi funfun, kẹ́ ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀: kó tó ìṣẹ́jú àáyá méjì, ó yẹ kó ti pọ́n padà. Èrìgì tó funfun bí èkọ ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ kò tó lára rẹ̀. Eégbọn àti aràn ló sábà máa ń fà á lọ́dọ̀ wa. Ẹ wo inú etí àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀, ibẹ̀ ni eégbọn ń sá sí. Ẹ wo ojú ara rẹ̀, akọ tàbí abo: bí kókó ẹran kan bá wà níbẹ̀ tó ń kán ẹ̀jẹ̀, jẹjẹrẹ kan ni tí ajá ìgboro ń kó ran ara wọn nígbà tí wọ́n bá ń gun ara wọn. Ó ní ìwòsàn, abẹ́rẹ́ tí dókítà á máa gún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni. Kí ẹ kàn mọ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e ni.

Ajá tó sá sí kọ̀rọ̀ tó ń gbọ̀n kì í ṣe ajá burúkú. Ẹ jókòó sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ má wo ojú rẹ̀, ẹ lo ogún ìṣẹ́jú. Bó bá wá gbóòórùn yín kí àkókò yẹn tó pé, èmi á gbé e.

5. Láti Èkó dé Èkìtì

Má fi ajá sínú bọ́ọ̀sì elérò láìsọ fún dẹ́rẹ́bà. Wọ́n já mi sílẹ̀ ní gáréèjì bẹ́ẹ̀. Ẹ háyà mọ́tò, tàbí kẹ́ ẹ bá ẹni tó ń bọ̀ nílé sọ ọ́.

Ẹ má fún un lóúnjẹ ní wákàtí mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò, omi nìkan. Ọ̀nà Ìtawùrẹ́ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ń gun òkè, ó ń ṣẹ́ kọ́nà, ajá tó yó á bì í sí yín lẹ́sẹ̀. Ẹ dúró ní Ìbàdàn àti ní Iléṣà kó tọ̀, kó mu omi, ṣùgbọ́n okùn méjì ni kó wà lọ́rùn rẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣílẹ̀kùn: ọ̀kan lára bẹ́líìtì ọrùn, èkejì lára bẹ́líìtì tó gba àyà. Ajá tí ẹ̀rù ń bà lè fà sẹ́yìn kí bẹ́líìtì ọrùn bọ́ gba orí rẹ̀ bí ìgbà tí a bọ́ fìlà. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sára bẹ́líìtì náà pẹ̀lú bírò tí omi kì í pa kẹ́ ẹ tó kúrò l'Ékòó.

Ẹ tọrọ aṣọ tàbí àpò tó ti ń sùn lé lọ́wọ́ wọn. Ẹ má fọ̀ ọ́. Ẹ máa rí ohun tó wúlò fún.

6. Ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, oṣù mẹ́ta

Àwọn tó ń gba ajá tọ́ ní ìṣirò kan tí mo rí i pé òótọ́ ni: ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ̀rù tó rọlẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó mọ bí ilé ṣe ń lọ, oṣù mẹ́ta kó tó gbà pé ilé òun nìyí. Ajá mìíràn á pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ohun tí ẹ ò ní ṣe ló pọ̀ ju ohun tí ẹ máa ṣe lọ. Ẹ má wẹ̀ ẹ́, bó ti wù kó rùn tó, àyàfi bí dókítà bá ní kẹ́ ẹ wẹ̀ ẹ́. Ẹ má pe ará àdúgbò wá wò ó. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín gbá a mọ́ra. Ajá kò mọ̀ pé ìfẹ́ ni, ó mọ̀ pé wọ́n dè é mọ́lẹ̀ ni. Ẹ má gba abọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti fi hàn án pé ẹ̀yin lọ̀gá. Ẹ fún un ní igun kan tí ẹnikẹ́ni kì í gbà kọjá, ẹ tẹ́ aṣọ rẹ̀ síbẹ̀, ẹ gbé omi síbẹ̀. Bó bá jẹun, ó dáa. Bí kò bá jẹun lọ́jọ́ kìíní, ẹ má pariwo. Bó bá di ọjọ́ kẹta tí kò tíì jẹ, ẹ pe dókítà. Ẹ máa fi okùn mú un jáde lọ tọ̀, kódà nínú ọgbà yín.

Okùn yẹn ni mo tú. Ẹ jẹ́ kí n sọ bá a ṣe rí Tání, torí ó lè ṣẹlẹ̀ sí yín.

Ọjọ́ kìíní, a lé e. Èmi, Dáre, àwọn ọmọ àdúgbò bíi méje, gbogbo wa ń pe "Jack! Jack!", orúkọ tó bá wá láti Èkó, a sì ń lé e kúrò lórí àpáta kan bọ́ sórí òmíràn. Wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Èyí ò tiẹ̀ mọ ohùn ọdẹ náà rí kó tó di àárọ̀ ọjọ́ yẹn! Lọ́jọ́ kejì, ẹni tó fún mi ní ajá náà sọ fún mi lórí fóònù pé ká jókòó jẹ́ẹ́. Ó ní kí n gbé aṣọ tó ń sùn lé sí ẹnu géètì, kí n dín ẹja sáwá sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kí òórùn rẹ̀ lè lọ, kí gbogbo ènìyàn sì wọlé. Mo ṣe é. Lóru, mo gbọ́ pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí yẹ̀pẹ̀. Mo ṣí fèrèsé, ó sá. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ìyá tó ń dín àkàrà ní oríta ránṣẹ́ pé ajá pupa kan wà lábẹ́ tábìlì òun. Mi ò pè é. Mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo jókòó sórí àpótí ìyá alákàrà, mo na ọwọ́ sẹ́yìn pẹ̀lú ẹja nínú àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó pẹ́. Mo ti jẹ àkàrà mẹ́rin tí mi ò pinnu láti rà. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ imú tútù lára ìka mi, mo jẹ́ kó jẹ ẹja náà tán, mo fún un ní òmíràn, ìgbà kẹta ni mo tó fi okùn kọ́ ọ lọ́rùn.

Bí ajá yín bá já, ẹ má lé e. Ẹ gbé aṣọ àti oúnjẹ sí ibi tó ti já, ẹ fi àwòrán rẹ̀ sórí WhatsApp àdúgbò, kẹ́ ẹ sì tètè sọ fún àwọn tó máa ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́: alákàrà, ọlọ́kadà, ẹni tó ń gbá títì.

7. Dókítà ẹranko, kí ọ̀sẹ̀ kìíní tó tán

Ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀ dání. Èyí tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ ni abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Wọ́n ń gún un fún ajá tó bá ti pé oṣù mẹ́ta, wọ́n á sì tún un gún lọ́dọọdún. Bí káàdì ò bá sí, ẹ kà á sí ajá tí kò gba abẹ́rẹ́ rí, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Abẹ́rẹ́ mìíràn tó ń dènà pávò àti àrùn tí òyìnbó ń pè ní distemper wà pẹ̀lú. Ọmọ ajá ń gbà á láti ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkẹjọ, wọ́n á sì máa tún un gún títí á fi tó ọ̀sẹ̀ kẹrìndínlógún. Oògùn aràn, oṣù mẹ́ta mẹ́ta fún àgbà ajá.

Eégbọn ni ọ̀tá wa gan-an, pàápàá nígbà òjò. Ó ń fa ẹ̀jẹ̀, ó sì ń kó ibà sí ajá lára, irú ibà tó ń sọ ìtọ̀ di pupa bí omi sobo. Ẹ máa wo ara rẹ̀ lálaalẹ́. Bí ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ fi ẹ̀mú kékeré mú un nítòsí awọ, ẹ fà á tààrà, ẹ má fi èékánná tẹ̀ ẹ́ pa. Kí dókítà fún yín ní oògùn tí wọ́n ń kán sí ẹ̀yìn ọrùn tàbí èyí tí wọ́n ń fọ́n.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ọtapiapia wẹ ajá. Mo mọ̀ pé eégbọn á kú. Oògùn náà ń gba awọ wọlé, ajá sì ń lá ara rẹ̀. Itọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í dà, ara á máa gbọ̀n, ó lè kú kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ń pa ajá tó ní ẹ̀kúru lára, bákan náà ni: májèlé ni fún ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín rẹ̀. Ẹ̀kúru ní abẹ́rẹ́ tirẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà.

Ọ̀pọ̀ ilé ìtọ́jú á ti tẹ akọ lọ́dàá, wọ́n á sì ti yọ ilé ọmọ fún abo kí wọ́n tó fún yín. Bí wọn ò bá tíì ṣe é, ẹ ṣe é. Abo ajá ń wá akọ bí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ọjọ́ 63 ló fi ń lóyún. Ẹ ṣírò rẹ̀ fún ọdún márùn-ún, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi ibi tí ẹ máa kó gbogbo ọmọ ajá yẹn sí.

Bí iṣẹ́ abẹ tó le bá dé, ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn ni ọ̀pọ̀ dókítà máa ń tọ́ka sí.

8. Oúnjẹ

Ilé Èkìtì ni, iyán á kù. Iyán kò pa ajá. Ọbẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ ni ìṣòro: àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ, yálà tútù tàbí sísè, kò sì sí ọbẹ̀ wa tí kò sí níbẹ̀. Ata àti iyọ̀ tún wà ńlẹ̀. Kẹ́ ẹ tó fi èèlò sí ìkòkò, ẹ yọ ti ajá sọ́tọ̀: ẹja sáwá, ẹsẹ̀ adìẹ, ẹ̀dọ̀ díẹ̀ tàbí ẹyin, tí ẹ fi omi lásán sè. Ẹ yọ egungun kúrò. Egungun adìẹ tí iná ti jó máa ń ṣẹ́ ṣóńṣó, ó lè gún un nífun. Ẹ wá da á mọ́ ìrẹsì tàbí iyán tí kò lọ́bẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Ṣokoléètì àti èso gíréèpù, rárá.

Ajá tí ebi ti pa rù, ẹ má fi àwo ńlá kí i káàbọ̀. Díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ kan. Irú oúnjẹ tó ń jẹ níbi tó ti ń bọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ máa fún un, kẹ́ ẹ máa da tiyín mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀ títí á fi yí padà tán.

9. Orúkọ àti ẹ̀kọ́

Àwọn bàbá wa máa ń fi ajá pòwe. Wọ́n á sọ ọ́ ní orúkọ tó ń bá ọ̀tá wí, kí wọ́n lè máa pè é nígbà tí ẹni náà bá ń kọjá. Màmá mi sọ Jack ní Tanímọ̀la. Mi ò béèrè ẹni tó ń bá wí. Ṣùgbọ́n orúkọ gígùn jẹ́ ti àwa ènìyàn, kúkúrú ni ajá ń fẹ́. Bó ṣe di Tání nìyẹn. Bí ẹ bá fẹ́ yí orúkọ padà, ẹ máa pe tuntun náà, kẹ́ ẹ sì fi ẹja sí i lẹ́nu lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá ti tó.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa fi pàṣẹ fún un, kí gbogbo ilé fẹnu kò sí i. Ní ilé wa, èmi ní "wọlé", Dáre ní "come", Màmá ní "ulé! ulé!" Ajá náà á dúró sí àárín wa, á máa wo ẹnu wa lọ́kọ̀ọ̀kan. A wá mú ti Màmá, torí òun ló ń wà nílé jù. Títí di òní, ajá ọmọ Èkó yìí, èdè Èkìtì ló gbọ́.

Ẹ má nà án. Ajá tí wọ́n ti fi igi nà rí, bí ẹ bá gbé ọmọ ìgbálẹ̀ lásán, á tọ̀ sílẹ̀. Bó bá yàgbẹ́ sínú ilé, ẹ kó o, kẹ́ ẹ mú un jáde lẹ́yìn tó bá jí, lẹ́yìn oúnjẹ àti kó tó sùn, kẹ́ ẹ sì yìn ín níbi tó ti ṣe é. Lóṣù Kejìlá tí nọ́kaòtù bá bẹ̀rẹ̀, tàbí tí àwọn ọdẹ bá ń yìnbọn níbi ọdún ìbílẹ̀, ẹ tì í mọ́lé ṣáájú kí ariwo tó bẹ̀rẹ̀, ẹ tan rédíò sí i.

10. Bó bá bu ènìyàn jẹ

Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15 gbáko. Ẹ wo aago, torí ìṣẹ́jú 15 gùn ju bí ẹ ti rò lọ. Lẹ́yìn náà, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí dókítà pinnu lórí abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ jó irun ajá náà, kẹ́ ẹ fi eérú rẹ̀ sójú egbò. Ẹ má dá wọn lóhùn. Bí àmì dìgbòlugi bá ti hàn lára ènìyàn, kò sí oògùn tó ń mú un padà mọ́. Ìgbà tí kò tíì hàn ni abẹ́rẹ́ ń ṣiṣẹ́.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n pa ajá náà. Ẹ tì í mọ́ ibì kan, kí dókítà ẹranko máa wò ó fún ọjọ́ 10. Bó bá ṣì wà láyé láìṣàìsàn lẹ́yìn ọjọ́ 10, kò sí dìgbòlugi nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó bu ẹni náà jẹ. Ajá tí wọ́n ti pa, tí wọ́n ti jẹ, kò lè sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni.

11. Bí kò bá ṣeé ṣe

Ó ń ṣẹlẹ̀. Ọmọ lè ní ikọ́ fée, onílé lè yí ohùn padà, ajá lè má gbà láti fi adìẹ sílẹ̀. Ẹ má gbé e lọ já sójú ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ lóru, ẹ má sì fà á lé ẹni tó ní òun ní oko kan níbì kan. Ẹ pe àwọn tó fún yín, ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ bó ṣe rí gan-an, torí òun ni wọ́n máa fi wá ilé tó bá a mu. Kẹ́ ẹ sì máa tọ́jú rẹ̀ títí wọ́n á fi rí ibi tí wọ́n máa gbé e sí. Lọ́jọ́ tó bá ń lọ, ẹ fi káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́, pẹ̀lú aṣọ tó ń sùn lé. Ẹ má fọ̀ ọ́.